ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ẹ MÁ FI EBI ÌDÁNÌKANWÀ WÁ ÀFẸ́SỌ́NÀ

*Bíbélì kíkà:* 1 Àwọn Ọba 19:1-21

  

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ra ẹran ní Ìpàta wa níbí mọ̀ pé ọjà àárọ̀ yàtọ̀ sí ọjà ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, ẹ máa wo ẹran, ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa ná an dáadáa. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ máa kọjá sọ́dọ̀ alápatà kejì. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí àwọn ọmọ ń retí oúnjẹ nílé, iye tí wọ́n bá pè lẹ máa san, èyí tí wọ́n bá gé lẹ máa gbà. Ẹ̀bi alápatà kọ́ o. Ebi àti ìkánjú ló ra ẹran yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánìkanwà ṣe ń ṣe ọkàn. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ìfẹ́ ń pa, bí ẹnì kan bá sáà ti ń kí i lórí fóònù láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó lè máa sọ pé Ọlọ́run ti dáhùn àdúrà òun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí: ìdánìkanwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 2:18, Ádámù ò tíì ṣẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run sọ pé kò dára kó dá wà. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2025 pé ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́fà láyé ni ìdánìkanwà ń bá fínra, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Èèyàn lè wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, kó wà ní gúrúùpù WhatsApp mẹ́wàá, kó má sì rí ẹnì kan bá sọ ohun tó ń dùn ún.

*Ẹ wo Èlíjà.* Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fún un lórí òkè Kámẹ́lì ni. Jésébẹ́lì halẹ̀ mọ́ ọn, ó sá. Nígbà tó dé Bíá-Ṣébà, ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òun nìkan wá wọ aginjù lọ, ó ní kí òun kú. Ṣé ẹ rí i? Ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ pé òun nìkan ló kù. Ìrora máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: a ó lé àwọn tó wà nítòsí, a ó wá máa sunkún pé kò sẹ́nì kankan.

*Kí ni Ọlọ́run ṣe fún un?* Kò bá a wí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kó sùn, ó sì fún un lóúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó bi í ní ìbéèrè, ó sì jẹ́ kó tú ọkàn rẹ̀ jáde, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni. Ó fún un níṣẹ́. Ó tún ìṣírò rẹ̀ ṣe: ẹni tó ní òun nìkan ló kù, ẹgbẹ̀rún méje (7,000) ló ṣì wà. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni Èlíjà tó pàdé Èlíṣà lóko, níbi tó ti ń túlẹ̀. Ẹnì kejì dé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni oògùn àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Ẹnì kan já wa sílẹ̀ lóṣù Kẹfà, tó bá fi máa di oṣù Keje, a ti gbé fọ́tò ẹlòmíì sórí sítátọ́ọ̀sì. Egbò ò tíì jinná, a ti wọ bàtà tuntun sí i. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ẹni tuntun yẹn á wá máa san gbèsè tí kò jẹ: tó bá pẹ́ kó tó gbé ìpè, ìjà, tó bá rẹ́rìn-ín sí fóònù, ìfura. Ọkọ tàbí aya kì í ṣe ilé ìwòsàn.

Ẹ sì rántí oṣù Kejì ọdún 2025 nílùú Ìlọrin yìí. Ọmọ wa obìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ Kwara State College of Education, kúrò níbi ìsọmọlórúkọ, kò sì padà délé mọ́. Wọ́n pa á. Ọkùnrin tí ọlọ́pàá mú lórí ọ̀rọ̀ náà, orí Facebook ni wọ́n ti mọra. Mi ò mẹ́nu bà á láti dá olóògbé lẹ́bi o. Ẹni tó ṣìkà ló jẹ̀bi. Mo mẹ́nu bà á kí gbogbo wa lè mọ̀ pé ohùn dídùn lórí fóònù kọ́ là ń pè ní ìwà.

*Kí la máa ṣe?*

1. Ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún àgbàlagbà kan tó ń pa àṣírí mọ́. Sítátọ́ọ̀sì kọ́ ni ibi ẹkún.

2. Ẹ jẹun, ẹ sùn. Ẹ pa dátà lóru. Bí oorun bá kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tí ọkàn bá ń sọ pé ikú sàn, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Áńgẹ́lì tó gbé oúnjẹ fún Èlíjà kò ní kó gba àdúrà nìkan.

3. Ẹ wá ẹlòmíì tó dá wà: opó àdúgbò, tàbí kọ́pà tí ilé rẹ̀ jìnnà.

4. Kẹ́ ẹ tó sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín: Ta ló mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí mi? Ṣé mo lè mú un dé iwájú àwọn òbí mi àti pásítọ̀ mi? Ká ní ìdánìkanwà ò bá mi fínra, ṣé màá yàn án? Gbangba ni kẹ́ ẹ ti pàdé, kí ẹnì kan nílé sì mọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Ẹ̀yin òbí àti àgbà ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, "nígbà wo la máa jẹ ìrẹsì?" yẹn ti tó. Ìbéèrè yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sọ́jà alẹ́. Sáàmù 68:6 sọ pé Ọlọ́run máa ń fi ẹni tó dá wà sínú ìdílé. Ìdílé wo? Tiwa ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ pe ọ̀kan nínú wọn wá jẹ iyán nílé yín, kẹ́ ẹ má sì bi í léèrè ìgbéyàwó.

*Àdúrà:* Bàbá, ìwọ tó bọ́ Èlíjà lábẹ́ igi, bọ́ ọkàn mi lónìí. Wo egbò mi sàn kí n tó fi kó bá ẹlòmíì. La ojú mi kí n rí àwọn tó o ti fi sí àyíká mi, kí o sì mú ẹni tó tọ́ wá ní àkókò rẹ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ yìí á san wá o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó dá wà, kẹ́ ẹ sì pè é lẹ́yìn náà.