Ojú Ọmọ Tó Ń Dán Funfun
Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, bí ẹ bá fi fóònù tó ń tanná ya ọmọ ní fọ́tò, tí ojú kan ń dán funfun bíi ti ológbò lóru, ẹ má rò pé fóònù ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún omi ọmú sí i. Ó lè jẹ́ retinoblastoma, jẹjẹrẹ ojú tó sábà ń mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kí ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta awò ojú. Wọn yóò kán oògùn tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀ sí i lójú, kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn ojú. Bí wọ́n bá ní àwọn máa yọ ojú kan, ẹ má gbé ọmọ sá o! Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé sá. Nígbà tí wọ́n fi gbé e padà, jẹjẹrẹ náà ti wọ ọpọlọ. Kí wọ́n yẹ ojú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ tó ní àrùn yìí wò náà.