Ṣé Lóòótọ́ Ni Yemọja Di Odò?

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ìwé kan ní Ṣakí. Láìpẹ́ yìí, mo pa ìtàn Yemọja àti Òkèrè fún àwọn ọmọ JSS 2, bí Yemọja ṣe bínú kúrò nílé ọkọ, tó sì di odò Ògùn. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, àbí irọ́ ni?" Mi ò rí èsì gidi fún un. Lọ́jọ́ kejì, bàbá ọmọ náà wá, ó ní òun ò rán ọmọ òun wá kọ́ nípa òrìṣà. Ọ̀gá wa wá ní kí n fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ gírámà. Mùsùlùmí ni èmi náà, n kì í bọ òrìṣà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Kí ni ìwúlò ìtàn ìwáṣẹ̀ fún àwùjọ? Bí ọmọ bá tún bi mí, kí ni kí n wí?

Olùkọ́ tó ń fẹ́ ìmọ̀ràn, Ṣakí

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ bá mi yin ọmọ tó nawọ́ yẹn, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ló béèrè. Ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún un. Láti orí òkè Ìgaran lẹ́bàá Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀ wá. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé ọ̀sà Èkó lẹ́yìn nǹkan bí 480 kìlómítà. Òjò àti òkè ló bí i. Ìyẹn ni olùkọ́ jọ́gíráfí yóò kọ́ ọ, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ìtàn ìwáṣẹ̀ yàtọ̀: iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ta ló sì ń ṣe é fún?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí ẹ pa fún wọn. Ẹnu yàtọ̀ sí ẹnu lórí ìtàn náà. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo, gbé ọ̀kan sínú ìwé kan tó kọ. Nínú tirẹ̀, Yemọja gbà láti fẹ́ Òkèrè ọba Ṣakí, àmọ́ ó là á mọ́lẹ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọmú òun tó tóbi ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé. Ọkọ gbà. Lọ́jọ́ kan, ọba mutí yó, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì kọ lu ìyàwó. Ìyàwó pè é ní ọ̀mùtí, lòun náà bá fi ọmú rẹ̀ bú u. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Yemọja sá jáde, ìgò tí Olókun fún un bọ́ lulẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì di odò. Òkèrè sọ ara rẹ̀ di òkè láti dí i lọ́nà. Yemọja ké sí Ṣàngó, àrá sán, òkè là, odò sì kọjá lọ sínú òkun.

Ẹ wò ó dáadáa: ọba ni Òkèrè, ìtàn kò sì gbè é. Oyè tí ọba Ṣakí ń jẹ títí dòní ni ìtàn sọ mọ́ ẹni tó ba àdéhùn jẹ́. Òfin ìjọba ṣòroó mú dé yàrá tọkọtaya. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọlọ́pàá mú ọkọ nítorí pé ó fi àléébù aya rẹ̀ bú u. Ìtàn ló débẹ̀. Ó ní bó o tilẹ̀ sọ ara rẹ di òkè, o ò ní lè dá ẹni tó o ti dójú tì dúró.

Iṣẹ́ mìíràn ni pé ó ń ṣọ́ ibi eléwu. Ní Adó-Àwáyè, níbi tí ẹ bá gba Ìsẹ́yìn lọ, adágún Ìyáàké wà lórí àpáta. Wọ́n ní ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kì í padà bọ̀. Mo rò pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni gbólóhùn yẹn ti gbà lọ́wọ́ kíkú sómi, tí omi náà kò sì dọ̀tí.

Ó tún ń so àwọn tí kò mọra pọ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò lè gbé odò Ògùn dání, ìtàn rẹ̀ ni wọ́n gbé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún, àwọn apẹja àti ọ̀pọ̀ èrò ní Salvador, ní Brazil, máa ń kó òdòdó àti lọ́fínńdà lọ sójú òkun fún Iemanjá. Ní Cuba, Yemayá ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ tó gba ìṣọ́ra jù lọ ni ti ẹ̀tọ́. Lọ́dún 1926, Bronislaw Malinowski, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Pólándì tó ti gbé láàárín àwọn ará erékùṣù Trobriand, kọ ọ́ pé ìwé àṣẹ ni ìtàn ìwáṣẹ̀ jẹ́ fún àwùjọ: òun ló ń sọ ìdí tí ilẹ̀ fi jẹ́ ti ìdílé yìí, tí oyè fi jẹ́ ti ìdílé yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó síbi ẹjọ́ oyè rí mọ̀ bẹ́ẹ̀: ìdílé mẹ́ta, ìtàn mẹ́ta nípa ẹni tó tẹ ìlú dó. Ohun tó bá sì ń fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́, kò ní ṣàì rí ayédèrú.

Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì fi ìtàn sọ ọ́. Nígbà tí Tápà lé Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Ìgbòho di ìlú ọba nígbẹ̀yìn, Aláàfin mẹ́rin sì jọba níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin wọn, Abípa, fẹ́ dá ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Samuel Johnson kọ ìyókù sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí lọ́dún 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921. Ìgbòho ni wọ́n ti bí àwọn ìjòyè, wọn ò fẹ́ lọ. Wọ́n bá rán ènìyàn lọ sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé ní bòókẹ́lẹ́: Baṣọ̀run rán abuké, Alápìnni rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀. Lóru, àwọn wọ̀nyí tan iná lórí òkè, wọ́n ń pariwo pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìròyìn iwin dé ààfin. Ọba kò sá, kò sì fi ṣẹ̀sín; ó rán àwọn ọdẹ lọ wò ó, àwọn ọdẹ sì kó gbogbo wọn bọ̀. Nígbà tí àwọn ìjòyè péjọ lọ́jọ́ Jàkúta, ọjọ́ ìsìn Ṣàngó, tí wọ́n jókòó láti gbádùn ara wọn, ọba ní kí wọ́n gbé igbá ọtí wá fún wọn. Baṣọ̀run gbójú sókè, ó rí i pé abuké tòun ló gbé e wá! Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn yòókù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yọ́ jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ìyẹn ọba tó mú iwin.

Ẹni tó bá ní àwọn baba wa kàn ń gba gbogbo ohun tí etí wọ́n bá gbọ́, ẹ sọ èyí fún un. Kí ẹ sì tún bi àwọn ọmọ pé: ta ni ìtàn Ìgbòho gan-an gbè? Aláàfin ni, torí ọba ló gbọ́n ju ìjòyè lọ níbẹ̀. Ọmọ tó bá rí ìyẹn ti di ọdẹ ọba.

Ní ti bàbá ọmọ, ẹ fọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ fún odò. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ bí ìdílé tirẹ̀ ṣe dé Ṣakí fún kíláàsì. Ó ṣeé ṣe kó gbádùn rẹ̀ ju yín lọ.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àmúrelé: kí oníkálukú gba ìtàn kan lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀, kó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, kó kọ ìlú tí àgbà náà ti wá àti ohun tí ó rò pé onítàn fẹ́ kí olùgbọ́ ṣe. Bí ìtàn méjì bá takora, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa ọ̀kan rẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wádìí ìdí rẹ̀. Gírámà tí ọ̀gá ń béèrè á wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ tí ọmọ ń wá náà á sì wà níbẹ̀.