Ìlù Dùndún Kan, Ẹ̀ka Mẹ́ta: Bí Èèyàn Ṣe Ń Ṣètò Másítà Tirẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Tí èèyàn bá fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ ohun tí ìlù dùndún ń sọ, ẹ̀ka wo ni kó lọ ní yunifásítì? Àwọn físíìsì á ní ọ̀rọ̀ èdè ni. Àwọn elédè á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Àwọn kọ̀ǹpútà á ní kó lọ bá àwọn elédè. Odidi ọdún kan ni mo fi ń kanlẹ̀kùn kiri kí n tó gbọ́ pé àwọn yunifásítì kan wà tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò másítà tó fẹ́ kà.

Ọ̀kan lára wọn ni Gallatin, tó wà lábẹ́ New York University ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1972 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀sì dandan díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa ṣa ìyókù láti oríṣiríṣi ẹ̀ka yunifásítì náà títí yóò fi pé 40 yúníìtì, ẹ ó sì ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó máa so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ó dùn létí, àbí? Èmi náà yọ̀. Ètò àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ (kì í ṣe Gallatin o, ilé ẹ̀kọ́ míì ni) ní kọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá, gbogbo ohun tó ti ń wù mí láti sẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n dá a padà. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó kà á kọ sí i: kí lo fẹ́ mọ̀? Ó bí mi nínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó rí i pé òótọ́ ló sọ.

Mo wá fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo kọ ìbéèrè: báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ, nígbà tí ìlù ò ní fáwẹ̀lì tí kò sì ní kọ́ńsónáǹtì? Lẹ́yìn náà mo mú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, mo ní: tí mo bá yọ èyí, ṣé ìbéèrè mi ṣì lè rí ìdáhùn?

Mo yọ físíìsì wò. Tí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Ní ìṣirò tó rọrùn jù, kí iye ìgbà tí awọ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó di ìlọ́po méjì, agbára tó ń fa awọ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìlù ṣe tóbi tó náà ń yí ohùn padà. Torí náà kọ̀ǹpútà ò lè sọ pé iye báyìí ni "mí", iye báyìí ni "dò". Àfi kó máa fi ohùn kan wé èkejì. Físíìsì dúró.

Mo yọ ẹ̀kọ́ èdè wò. Ìlù lè fi ìyàtọ̀ sáàárín "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọ̀kọ̀", ṣùgbọ́n "ilé" àti "ọkọ́", re-mí ni méjèèjì. Gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ ni àwọn onílù fi ń bọ́ nínú ìyẹn. Èdè dúró. Tí mo bá yọ kọ̀ǹpútà, ìbéèrè gan-an ò sí mọ́. Ìtàn àwọn ọmọ Àyàn ńkọ́? Mo yọ ọ́, ìbéèrè mi ò sì mì. Ó dùn mí o, torí mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ohun tí ẹnì kan ò tètè sọ fún mi ni pé kéèyàn wá olùkọ́ kó tó wá kọ́ọ̀sì. Tí kò bá sí ẹni tó máa bójú tó iṣẹ́ yín láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, orí ìwé lásán ni ètò náà wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ sọ ìbéèrè yín. Ojú ìwé kan ti tó.

Ká má parọ́, ewu wà níbẹ̀. Ní Gallatin, "Individualized Study" ni orúkọ oyè náà, kì í ṣe físíìsì. Tó bá jẹ́ pé olùkọ́ físíìsì lẹ fẹ́ dà, ẹ lọ ka físíìsì.

Ètò mi kejì ní kọ́ọ̀sì mẹ́jọ. Wọ́n gbà á, wọ́n kàn ní kí n kọ́kọ́ lọ ka ìṣirò ìgbì ohùn tí mi ò kà rí. Ìdí ẹ̀ ni mo wà báyìí.