Àìlágbára Iṣan: Kì í Ṣe Àárẹ̀ Lásán

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ará ilé gbogbo ní Àgbàdo àti agbègbè rẹ̀, bí ọmọ tí ó ti ń sáré kiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ti orúnkún kí ó tó dìde, tàbí bí ìyá kò bá lè gbé apá sókè láti di irun ara rẹ̀ mọ́, a máa ń sọ pé àárẹ̀ ni, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Nígbà mìíràn, àrùn iṣan ni.

KÍ NI ÀRÙN YÌÍ?
Àwọn oníṣègùn ń pè é ní dermatomyositis. Nínú ara olúkúlùkù wa ni àwọn ọmọ-ogun wà tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àrùn yìí, wọ́n ṣi ọ̀tá mọ̀, wọ́n sì dojú ìjà kọ iṣan àti awọ ara ẹni tí ó ni wọ́n. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n: ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọmọdé 3 nínú mílíọ̀nù 1 ni ó ń mú lọ́dún. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kì í ràn. Nítorí náà, ẹ má ṣe ya àwo tàbí ibùsùn aláìsàn sọ́tọ̀.

KÍ NI Ó Ń RU Ú SÓKÈ?
A bí àwọn kan pẹ̀lú ara tí ó lè gba àrùn yìí, bí koríko gbígbẹ tí ń dúró de iná. Lára ohun tí ó lè ṣáná sí i ni:
1. Oòrùn. Awọ dúdú ń dáàbò bò wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe tán pátápátá. Ẹni tí ó ń bóra ń bọ́ ààbò náà dànù.
2. Àìsàn kòkòrò. Ọ̀fìnkìn, ikọ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru ti kọ́kọ́ ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ kí àmì àrùn yìí tó yọ.
3. Oògùn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù lè fa àrùn iṣan tí ó jọ èyí. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Bí ara bá ń ro yín tàbí tí ó ń rọ, ẹ sọ fún dókítà.

ÀWỌN ÀMÌ RẸ̀
• Itan, ìbàdí àti èjìká kò lágbára. Gígun àtẹ̀gùn di ìṣòro.
• Ìpéǹpéjú wú, ó sì ṣókùnkùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.
• Awọ oríkèé ìka ọwọ́ le, ó sì yọ sókè.
• Oúnjẹ ń há lọ́fun, tàbí mímí ń nira. Èyí kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE
Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà ní Ìgàndó, kí wọ́n yẹ iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n lè darí yín sí LASUTH ní Ìkejà. Àgbàlagbà tí ó ní àrùn yìí gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò jẹjẹrẹ pẹ̀lú, nítorí àwọn méjèèjì a máa rìn pọ̀ nígbà mìíràn.

Oògùn wà tí ń pa ìjà náà rọ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá. Ewu ńlá ni. Ẹ fi fìlà, agbòòrùn àti aṣọ alápá gígùn dáàbò bo aláìsàn lọ́wọ́ oòrùn.

Bí a bá tètè rí i, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń padà sáré. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.