Mítà Pirípéèdì àti Owó Iná

Mítà pirípéèdì ni ẹ̀rọ tí ó ń ka iná tí ìdílé kan ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Bí owó náà bá ti tán, mítà fúnra rẹ̀ ni yóò gé iná; kò ní dúró de òṣìṣẹ́ tí ó gbé àkàbà wá. Yúnítì ni òṣùwọ̀n rẹ̀, bí kóńgò ṣe jẹ́ òṣùwọ̀n gààrí lọ́jà. Ohun èlò oníwọ́ọ̀tì 1,000 tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko ti jẹ yúnítì kan.

Kí mítà yìí tó dé, bílì ni wọ́n ń pín láti ojúlé dé ojúlé. Níbi tí kò bá sí mítà, òṣìṣẹ́ iná á fojú dá iye tí ilé náà jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí kò rí iná fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣe lè gba bílì tí ó ju ti ilé oníbúrẹ́dì lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fa pípín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ Ìbàdàn, ti Ìkẹjà àti ti Èkó ló ń ṣiṣẹ́ ní apá tí ó pọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá. Ti Benin ló ń pín iná ní Òǹdó àti Èkìtì. Aráàlú ṣì ń pe gbogbo wọn ní NEPA, orúkọ iléeṣẹ́ iná ìjọba àtijọ́. Bílì ìfojúdá kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni kò tíì ní mítà. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà tí ó wà nídìí mítà, ẹni tí ó ní in sàn ju ẹni tí wọ́n ń fojú dá iná fún lọ.

Iye tí wọ́n ń ta yúnítì kan kò dọ́gba. Láti ọdún 2020 ni NERC, àjọ tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ti pín àwọn oníbàárà sí ìsọ̀rí márùn-ún gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tí ó yẹ kí wọ́n rí lójúmọ́. Ó yẹ kí àwọn Band A rí wákàtí 20, ó kéré tán. Ti Band B jẹ́ 16, ti C jẹ́ 12, ti D jẹ́ 8, ti E sì jẹ́ 4. Wáyà ńlá tí ó gbé iná wọ àdúgbò ló ń sọ ìsọ̀rí tí ilé wà, kì í ṣe bí onílé ṣe lówó tó. Opó tí ó ń gbé yàrá kan ládùúgbò Band A yóò ra yúnítì ní iye kan náà pẹ̀lú olówó tí ó ní ilé alájà mẹ́ta ní òdìkejì títì. Ibi tí ètò yìí ti ń dun tálákà jù nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó yúnítì Band A láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí náírà 206.80 ní oṣù karùn-ún. Ní oṣù keje, ó di náírà 209.50. Owó orí ọjà tí à ń pè ní VAT tún wà lórí rẹ̀, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá fi 5,000 náírà ra iná, bíi náírà 349 nínú rẹ̀ ni VAT. Ohun tí ó kù jẹ́ náírà 4,651. Nígbà tí yúnítì jẹ́ náírà 68, owó yìí á ra yúnítì 68. Nígbà tí ó di náírà 209.50, yúnítì 22 péré ni. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò fò sókè bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀ tí ń lọ aṣọ, onígbàjámọ̀ àti obìnrin tí ń ta ẹja dídì kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n máa gbé àfikún náà lé ju orí ọjà wọn lọ, nítorí náà ẹni tí kò ní fíríìjì rárá pàápàá ń san nínú owó iná.

Ohun tí ó ń gbóná ló ń jẹ yúnítì jù. Kẹ́tùlù oníwọ́ọ̀tì 2,000 yóò jẹ yúnítì kan láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fáànù oníwọ́ọ̀tì 60 kò ní jẹ yúnítì kan tán kí wákàtí 16 tó pé. Gílóòbù LED oníwọ́ọ̀tì 10 yóò tàn fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kí ó tó jẹ yúnítì kan. Ìdílé tí ó ń pa gílóòbù kiri ṣùgbọ́n tí ó ń fi iná se omi ìwẹ̀ ní àràárọ̀ kò tíì kan ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ.

Bí èèyàn bá ti sanwó tán, nọ́ńbà 20 ni yóò gbà. Nọ́ńbà yìí ni tókìn. Mítà ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Mítà aládùúgbò kò ní gbà á, mítà tí ó ni ín kò sì ní gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà STS tí ó ti South Africa wá ni wọ́n fi ń ṣe é. Iye yúnítì wà nínú nọ́ńbà náà, àkókò tí wọ́n ṣe é sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993 ni ìlànà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú, àyè tí ó sì wà fún un kò ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ. Àyè náà kún ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, gbogbo mítà STS lágbàáyé tí ó ń ka ìṣẹ́jú láti ọdún 1993 ni wọ́n ní láti tún sẹ́ẹ̀tì.

Ní Nàìjíríà, àwọn oníbàárà fúnra wọn ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n fún wọn ní tókìn méjì, nọ́ńbà 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n tó tẹ tókìn tí wọ́n rà. Ọgọ́ta nọ́ńbà nìyẹn fún ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ẹni tí kò sí nílé títí ọjọ́ náà fi kọjá bá mítà tí kò gba tókìn tuntun mọ́. Oníbàárà kọ́ ló fa ìṣòro yìí, ó sì yẹ kí àwọn tí ń ta iná rán òṣìṣẹ́ lọ bá àwọn àgbàlagbà nílé.

Ibi tí à ń tẹ tókìn sí náà ní wàhálà tirẹ̀. Orí òpó ni ọ̀pọ̀ mítà wà. Èyí tí ó wà nínú ilé jẹ́ ojú ìtẹ̀ lásán, ó sì ń lo bátìrì. Bí yúnítì bá tán tí bátìrì náà sì ti kú, kò sí bí wọ́n ṣe máa tẹ tókìn tí wọ́n rà. Kí bátìrì tuntun wà nílé nígbà gbogbo.

Nígbà mìíràn, báǹkì á yọ owó ṣùgbọ́n tókìn kò ní wọlé. Báǹkì, ẹni tí ń ta tókìn àti iléeṣẹ́ iná ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí tókìn tó jáde. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, owó á há sáàárín. Kí ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí má ṣe kánjú san òmíràn, torí tókìn àkọ́kọ́ lè pẹ́ kí ó tó dé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á ni yóò kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà ìsanwó lọ́wọ́. Bí tókìn bá wọlé ṣùgbọ́n tí yúnítì kéré, kí ó wo rìsíìtì bóyá wọ́n yọ gbèsè. Gbèsè ayálégbé àná lè wà lórí mítà, kí ayálégbé tuntun sì máa san án láìmọ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ gba ilé béèrè èyí kí ó tó sanwó ilé.

Òfin wà fún Band A tí kò rí wákàtí 20. Bí iná kò bá pé fún ọjọ́ méjì léraléra, iléeṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní gbangba. Bí ó bá di ọjọ́ méje léraléra, wọ́n gbọ́dọ̀ já àdúgbò náà sí ìsọ̀rí tí ó bá iná tí wọ́n ń rí mu. Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ lórí ìwé. Bí wọn kò bá dáhùn, ó kan NERC. Àmọ́ láti ìgbà tí òfin iná ọdún 2023 ti jáde, àwọn ìpínlẹ̀ bí Èkìtì, Òǹdó àti Èkó ti dá àjọ tiwọn sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni aráàlú ibẹ̀ yóò lọ. Kí àwọn ará àdúgbò máa kọ wákàtí tí iná dé àti èyí tí ó lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì, nítorí ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ wọn ní ọ́fíìsì nìyẹn.