Bí A Ṣe Ń Fura Bí Iyè Àgbà Bá Fẹ́ Máa Ra

Nílé Yorùbá, iṣẹ́ tó kù fún àgbà láti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í pọ̀. Ọmọ ló ń gbé oúnjẹ wá, ọmọ-ọmọ ló ń pọn omi ìwẹ̀, ìyàwó ilé ló mọ ìgbà tí wọ́n máa lo oògùn. Bí wọ́n bá sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ta ni yóò já wọn ní koro? Ẹ̀rín la ó fi gbè é. Ọ̀wọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n ó máa ń bo àrùn mọ́lẹ̀. Iyè ẹni tí wọ́n ń ṣe ohun gbogbo fún lè ti máa ra fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ará ilé tó fura, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá jáde tí wọn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní dìmẹ́ńṣíà ni mò ń sọ. Ó pé oríṣiríṣi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti Alzheimer, tí wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906 pè. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ọpọlọ bó ṣe yẹ, pàápàá lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga sí i ló ń wọ́pọ̀ sí i, síbẹ̀ kì í ṣe ogbó fúnra rẹ̀. Àwọn ẹni àádọ́rùn-ún ọdún wà tí wọ́n ṣì ń ki oríkì ìdílé wọn láìṣì í.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ rántí irú ẹni tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri láti ìgbà èwe, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá tó jẹ́ olórí àjọ, tó ń fi orí lásán ka owó ogún ènìyàn, bá wá ń béèrè ẹni tó kàn láti kó o, ẹ dúró wò ó. Ẹ má fi wọ́n wé ìyá ẹlòmíì. Ìyípadà sí bí àwọn fúnra wọn ṣe wà ni à ń wá. Kí wọ́n pe orúkọ ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó kan ọmọ tí wọ́n ń pè, kì í ṣe àrùn. Ta ni ìyá rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Kí wọ́n wá awò ojú tì, kí wọ́n tó rí i níwájú orí wọn, ìyẹn náà kò burú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọwọ́ wọn kí ẹ tó gbọ́ ẹnu wọn. Ẹnu àgbà mọ bí a ṣe ń fi àwàdà bo ohun tí wọ́n gbàgbé. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti àádọ́ta ọdún kò mọ̀ ọ́n bò. Ẹ jókòó ti Màmá nídìí àmàlà. Omi ti hó, elùbọ́ wà nínú igbá, orógùn wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń wo ìkòkò. Wọ́n da omi tútù sí i. Wọ́n tún dúró. Wọ́n wá bi yín pé, "Kí ló kàn báyìí?" Ẹnikẹ́ni lè fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ kí ẹni tó ti ń ro àmàlà láti ìgbà ọmọge má mọ ohun tó tẹ̀ lé omi híhó, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Owó ni kí ẹ tún wò. Ẹ rán wọn ní nǹkan tí wọ́n máa fún yín ní ṣéńjì rẹ̀, kó má dà bí ìdánwò. Bàbá tó ń ṣe káfíńtà, ṣé wọ́n ṣì ń wọn pákó bó ṣe yẹ? Tí wọ́n bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bọ̀, ṣé ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ń gbà àbí wọ́n ti ń ya ibi tí kò yẹ? Ẹ tẹ́tí sí ìbéèrè kan náà tí wọ́n tún béèrè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ẹni pé wọn ò gbọ́ èsì rí. Ẹ kíyè sí i bí wọ́n bá ń pe ṣíbí ní "nǹkan tí a fi ń jẹun," bí wọ́n bá ń fi owó pamọ́ sínú àgbá gàrí tí wọ́n wá ń fẹ̀sùn olè kan ọmọ ọ̀dọ̀. Ìwà náà lè kọ́kọ́ yí ṣáájú iyè: onísùúrù á di oníbìínú, ẹni tí kì í pa ìpàdé ẹgbẹ́ jẹ á ní òun ò lọ mọ́.

Ẹ má gbé ohun tí ẹ rí sí orí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kékeré kan tó: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó fi dájọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń padà wá fún oṣù bíi mẹ́fà, tó sì ń pọ̀ sí i, ẹ̀rí ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, tó jẹ́ pé fóònù lẹ fi ń rí wọn, ẹ má bi wọ́n ní ìtàn ìgbéyàwó wọn. Ohun àtijọ́ ló máa ń pẹ́ kó tó lọ, wọ́n á sọ ọ́ títí ẹ ó fi máa rò pé kò sí nǹkan. Oúnjẹ àárọ̀ ni kí ẹ béèrè, àti ẹni tó wá kí wọn lánàá, kí ẹni tó wà nílé sì sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Nǹkan kan wà tí kò gba ìwé kíkọ. Bí àgbà tí orí rẹ̀ pé lánàá bá ń sọ ìsọkúsọ lónìí, tàbí tó kàn ń sùn tí kò jí dáadáa, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ibà lè fà á, kòkòrò inú àpò ìtọ̀, ṣúgà tó já wálẹ̀, rọpárọsẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú agbárí lẹ́yìn ìṣubú tí wọn ò sọ fún yín. Díẹ̀díẹ̀ ni dìmẹ́ńṣíà sábà máa ń wá.

Kí ẹ tó gbà pé iyè ló ń ra, ẹ yẹ etí wọn wò. Ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹ yẹ ojú náà wò. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí jáde, títí kan èyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì fúnra wọn: oògùn ara yíyún bíi Piriton àti oògùn oorun bíi Valium máa ń da orí àgbà rú. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ìbànújẹ́ ni, bí ọkọ tàbí ìyàwó wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Àìtó fítámì B12 àti àìṣiṣẹ́ táírọ́ìdì inú ọrùn náà máa ń mú ìgbàgbé wá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi wọ́n hàn, ìtọ́jú sì wà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bí mi nínú: ìyá arúgbó tó ṣìnà lóru, tó bá ara rẹ̀ lójúde onílé, tí kò lè sọ bó ṣe débẹ̀, ni wọ́n ń pè ní àjẹ́ tó jábọ́. Wọ́n ti lu irú wọn rí. Bí ìyá yín bá ti ń rìn kiri lóru, ẹ tètè sọ fún àwọn aládùúgbò pé ara wọn ò yá, kí ẹ sì rán nọ́ńbà fóònù yín mọ́ ìró wọn. Ìtìjú tó wà nínú ìyẹn kò tó nǹkan kan.

Tí ó bá di ti ọsibítù, ẹ má sọ pé, "Màmá, ẹ ti ń gbàgbé jù." Wọ́n á bínú, wọn ò sì ní lọ. Ẹ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ká bá dókítà sọ ti orí tó ń dà yín láàmú." Òótọ́ ni, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn ni kó tẹ̀ lé wọn, nítorí dókítà á fẹ́ gbọ́ tẹnu tirẹ̀ náà. Ní Ìbàdàn, ọsibítù UCH ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àgbà. Ní ibòmíràn, ẹ béèrè dókítà ọpọlọ ní ọsibítù ńlá ìjọba. Ẹ má bẹ̀rù pé Bàbá ò kàwé. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn rí i pé ọ̀pọ̀ àgbà kò di pẹ́ńsùlù mú rí, kí ni wọ́n fẹ́ fi ya àwòrán tí ìdánwò iyè máa ń béèrè? Ìdánwò tí wọ́n gbé jáde ní 2005, igi ìṣáná ni wọ́n fi ń ṣe é: dókítà á to tirẹ̀, àgbà á to irú rẹ̀.

Ìbàdàn kan náà, ní àdúgbò Ìdíkàn, ni wọ́n ti fi àgbà Yorùbá wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà láti 1992. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé lọ́dọọdún, 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú nílé, nígbà tó jẹ́ 3.24 lọ́hùn-ún. Kò yẹ kí èyí mú wa sùn lọ o. Ohun tó ń fà á ń wọ ilé wa. Ní 2024, ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tó ń dá kún un, wọ́n ní bí a bá mú gbogbo wọn kúrò, a lè dènà bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tàbí kí a fà á sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, etí dídi, sìgá, ọtí àmujù, ìjókòó sójú kan àti ìdánìkanwà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ, ẹ má sì fi Bàbá sílẹ̀ sídìí tẹlifísọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ayò.

Bí dókítà bá ní ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Àwọn kan wà tó lè mú àmì rẹ̀ rọjú fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, ìwé báńkì àti owó tí wọ́n yá ènìyàn, nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fúnra wọn. Ẹ pe lọ́yà, ẹ pe ẹnì kan láti ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí wọ́n buwọ́ lù ú tàbí kí wọ́n tẹ̀ka sí i níṣojú gbogbo wọn. Kí dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà pé ohun tí wọ́n ń ṣe yé wọn, nítorí bí ẹ bá jẹ́ kó di ẹ̀yìn ọ̀la, ilé ẹjọ́ lè ní ìwé náà kò dúró.