Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Àròkọ Aláàlàyé — Bí A Ṣe Lè Fi Ẹ̀ka Igi Ṣe Ọ̀pá Kọ́tìnnì

Àròkọ aláàlàyé ni èyí tí a fi ń la bí a ṣe ń ṣe nǹkan yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Irú orí-ọ̀rọ̀ báyìí máa ń rọrùn lójú akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ń ṣìnà nínú rẹ̀. Àwọn kan a sọ ọ́ di ìtàn: wọn a máa ròyìn ọjọ́ tí ìyá wọn ra kọ́tìnnì. Àwọn mìíràn a sọ ọ́ di àríyànjiyàn: wọn a máa jà pé ọ̀pá irin dára ju igi lọ. Àwọn kẹta a to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n wọn kò ní sọ ìdí tí a fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rántí pé ẹni tí ó bá ka àròkọ rẹ gbọ́dọ̀ lè dìde kí ó lọ ṣe nǹkan náà láìtún bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí ó bá ṣe é bí o ti wí tí ó sì já lulẹ̀, àròkọ rẹ ni kò pé.

ÌBÉÈRÈ: Kọ àròkọ lórí bí a ṣe lè fi ẹ̀ka igi ṣe ọ̀pá tí a ó fi kọ́ kọ́tìnnì sójú fèrèsé.

Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ka igi ni wọ́n wí. Ọparun kì í ṣe ẹ̀ka igi. Bí o bá fi odindi àròkọ sọ̀rọ̀ ọparun, o ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

ÌLAPA ÈRÒ
1. Ìfáárà: ohun tí ọ̀pá kọ́tìnnì wà fún
2. Wíwọn fèrèsé
3. Yíyan ẹ̀ka àti gígé e
4. Bíbó èèpo àti sísá a
5. Dídán an àti kíkùn ún
6. Kíkọ́ ọ sókè
7. Ìkádìí

ÀRÒKỌ ÀWÒKỌ́ṢE

Fèrèsé tí kò ní kọ́tìnnì dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn: oòrùn ń wọlé bí ó ṣe wù ú, ẹni tí ń kọjá lọ sì ń rí ohun tí a ń jẹ. Ṣùgbọ́n kọ́tìnnì kò lè dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá tí yóò gbé e. Ọ̀pá irin tàbí èyí tí káfíńtà fá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka igi tí ó wà lẹ́yìnkùlé lè ṣe iṣẹ́ kan náà bí a bá tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a wọn fèrèsé. Bí ó bá fẹ̀ tó 120 sẹ̀ǹtímítà, kí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó 150, kí 15 lè yọ ní ọwọ́ ọ̀tún, kí 15 sì yọ ní ọwọ́ òsì. Ibẹ̀ ni kọ́tìnnì yóò kó ara jọ sí nígbà tí a bá ṣí i, kí ó má baà dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń gé ẹ̀ka náà lórí igi, kí a jẹ́ kí ó gùn tó 170, nítorí pé orí àti ìdí igi tútù sábà máa ń là bí ó bá ń gbẹ, a ó sì gé ibi tí ó là dànù.

Lẹ́yìn èyí ni yíyan ẹ̀ka. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀ka tí ó tọ́, kí ó tètè wá a. Èyí tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tí ìdí àti orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ni ó dára jù. Ẹ̀ka tíìkì, dóńgóyárò, àgùnmánìyẹ̀ tàbí gúrọ́fà yóò ṣe é. A kò gbọdọ̀ lo igi ìbẹ́pẹ, nítorí pé inú rẹ̀ ṣófo, tàbí ẹ̀ka àràbà, nítorí pé ó fúyẹ́ kò sì lágbára. Ẹ̀ka tí ó ti kú tí ó jábọ́ sílẹ̀ kò yẹ, nítorí pé ikán lè ti wọ inú rẹ̀. Kí a gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni igi kí a tó gé e. Bí ó bá jẹ́ igbó ọba ni, kí a kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ayùn ni kí a fi gé e, nítorí pé àdá máa ń fa èèpo igi ya, ọgbẹ́ igi náà a sì pẹ́ kí ó tó jinná.

Ọjọ́ tí a bá gé ẹ̀ka náà gan-an ni kí a bó èèpo rẹ̀, nígbà tí ó ṣì tutù tí ó sì rọrùn láti ṣí. Abẹ́ èèpo ni ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń jẹ igi máa ń sá pamọ́ sí. Bí a ti bó o tán, kí a yọ́ àbẹ́là sí ojú ibi méjèèjì tí a gé, kí omi inú igi má baà yára jáde níbẹ̀. Kí a wá tẹ́ ẹ sórí òkúta mẹ́ta tí ó dọ́gba, ní ibòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí a sì máa yí i lójoojúmọ́. A kò gbọdọ̀ sá a sóòrùn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa yóò gbẹ ṣáájú èkejì, ọ̀pá yóò sì wọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó lè gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà òjò yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá fúyẹ́ lọ́wọ́, tí ó sì ń dún koko bí a bá lù ú, ó ti gbẹ. Ẹni tí ó bá kánjú kọ́ igi tútù yóò rí i tí àárín rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tí omi ara rẹ̀ sì ba aṣọ jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ó bá gbẹ tán, a ó fi ọ̀bẹ mú kókó ara rẹ̀ kúrò, a ó sì fi sáńpépà gbo ó títí yóò fi dán. Bí kò bá sí sáńpépà, ewé ìpín tí àwọn baba wa fi ń dán igi wà. Kókó kékeré kan tí a bá fi sílẹ̀ tó láti fa aṣọ ya. Lẹ́yìn náà, a ó fi fáníìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó kun èkejì.

Kíkọ́ ọ sókè ni ó kù. A ó wá ẹ̀ka kékeré méjì tí ó yà sí méjì bí igi kànnàkànnà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. A ó tọ́jú wọn bí a ti tọ́jú ọ̀pá, a ó gbẹ́ ẹ̀yìn wọn pẹrẹsẹ, a ó sì fi ìṣó oníyíyí kàn wọ́n mọ́ ìpẹ̀kun méjèèjì pákó gbọọrọ kan. Pákó yìí ni a ó kàn mọ́ férémù lókè fèrèsé, nítorí pé igi máa ń mú ìṣó ṣinṣin, ṣùgbọ́n ògiri alámọ̀ kì í mú un pẹ́. Bí fèrèsé bá fẹ̀ ju 180 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí a fi ẹ̀ka kẹta sí àárín, nítorí pé bí ọ̀pá ti ń gùn sí i ni ó ń tẹ̀ sí i. Kí a tó fi aṣọ sí i, kí a fi ọwọ́ méjèèjì fà á wálẹ̀. Bí ó bá mì, kí a tún ìṣó rẹ̀ mú. Ọmọdé a máa fa kọ́tìnnì ṣeré, ọ̀pá tí ó bá sì já lé ọmọ lórí ti kúrò ní ohun ọ̀ṣọ́.

Ní ìkádìí, owó ìṣó àti fáníìṣì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a óò ná sí iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni sùúrù. Ẹni tí ó bá ní in yóò ní ọ̀pá tí yóò pẹ́ lójú fèrèsé.

ÀKÍYÈSÍ

1. Fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ibi tí a ti lo "nítorí pé" àti "kí ó má baà" nínú àròkọ yìí. Yọ wọ́n kúrò, kí o tún un kà: àṣẹ lásán ni yóò kù, olùkàwé kò sì ní mọ èyí tí òun kò gbọdọ̀ fò.
2. Wo bí "ohun àkọ́kọ́", "lẹ́yìn èyí", "nígbà tí ó bá gbẹ tán" àti "ni ó kù" ṣe so ìpínrọ̀ kan mọ́ èkejì.
3. Òwe méjì péré ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Má ṣe kó òwe jọ láìnídìí.
4. Tẹ̀ lé àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974: kọ "ẹyẹ", má kọ "ẹiyẹ", kọ "ènìyàn", má kọ "enia", kọ "wọn", má kọ "nwọn".

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ṣe ìlapa èrò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o sì kọ àròkọ lórí ọ̀kan:
(a) Bí a ṣe ń hun ẹní
(b) Bí a ṣe ń kan àpótí ìjókòó
(d) Bí a ṣe ń tún òrùlé tí ń jò ṣe